Fofo Tàófíìkì àti Ẹ̀rọ Tó Ń Kọ Wákàtí Wa Sílẹ̀

Ẹ má gbà á lẹ́nu ẹlòmíràn. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín ní Djidjolé, àdúgbò wa ní Lomé, pé òun mọ Fofo Tàófíìkì ju èmi Bàrákátù aránṣọ lọ, irọ́ ló ń pa. Ògiri kan ló wà láàrin ṣọ́ọ̀bù mi àti tirẹ̀, ó lé ní ogún ọdún, ògiri náà ò sì nípọn. Bó bá sín, èmi ni mo ń kí i ní pẹ̀lẹ́. Bí mo bá ń bá oníbàárà jà nítorí aṣọ tí kò gba ìdí rẹ̀, òun ló ń kígbe láti òdìkejì pé, "Bàrákátù, rọra o, ẹ̀jẹ̀ ríru ń bẹ!" Fofo ni àwọn ará Lomé ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, àwa Nàgó, àwọn Mina, àti àwọn tó ti ilẹ̀ òkè wá.

Lomé ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ọmọ Kétu ni bàbá rẹ̀. Ìwé tó kà ò pọ̀. Kábíìnì ló fi bẹ̀rẹ̀, àpótí onígi kan létí títì tí a ti ń san owó tẹ fóònù nígbà tí fóònù alágbèéká ṣì jẹ́ ti ọlọ́lá. Lẹ́yìn náà ló háyà ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó kó kọ̀ǹpútà mẹ́jọ wọ ibẹ̀, ó ní síbà lòun ṣí, ibi tí ènìyàn ti ń wá lo íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo yọjú wò ó. Tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn, láti Jámánì. Ọ̀kan nínú wọn ń ké bí ewúrẹ́ tó ń rọbí. Mo ní, "Fofo, ṣé ẹ ò ra òkú báyìí?" Ó ní kí n lọ rán aṣọ mi.

Háà, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò mọ síbà. Ẹ̀yin lẹ ń dá jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá yín tẹ́ ẹ tẹjú mọ́ fóònù bí ẹni tó ń wá iná lórí. Nígbà tiwa, ayọ̀ ẹnìkan, ayọ̀ gbogbo ilé ni. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló ní kámẹ́rà nínú mẹ́jọ yẹn, kọ̀rọ̀ ló gbé e sí. Èmi ni mo rán kọ́tìnì tó bò ó, àjákù ànkárá ni mo tò pọ̀. Obìnrin tó bá fẹ́ rí ọkọ rẹ̀ ní Libreville, ìyá tó bá fẹ́ rí ọmọ rẹ̀ ní Ítálì, ẹ̀yìn kọ́tìnì yẹn ni. Ẹ̀rín la máa kọ́kọ́ gbọ́. Tó bá yá, ẹkún. Tó bá tún yá, ẹni náà á jáde pẹ̀lú ojú pípọ́n, á ní eruku ló kó sóun lójú. Fofo á ní, "Òótọ́ ni, eruku pọ̀ níbẹ̀ yẹn." Bẹ́ẹ̀, àràárọ̀ ló ń fi aṣọ tútù nu ibẹ̀.

Tí oṣù kẹwàá bá wọlé, lọtirì Amẹ́ríkà dé nìyẹn. Gbogbo Djidjolé ló fẹ́ lọ. Wọ́n ní ẹ̀yìn fọ́tò gbọ́dọ̀ funfun, aṣọ funfun mi ni wọ́n ń ta mọ́ ògiri. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín, Fofo á ní, "Pa ẹnu dé, Amẹ́ríkà ò béèrè eyín." Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń wa zémì, ọlọ́kadà tiwa níbí nìyẹn, gbìyànjú títí, ó sú gbogbo wa. Lọ́dún kan ni lọtirì náà mú un. Ó wọ síbà, ó ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà, ó sì nà gbalaja sílẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Aṣọ ìyàwó ẹni ẹlẹ́ni wà lórí ẹ̀rọ mi lọ́jọ́ náà, mo fi í sílẹ̀, mo jó bọ́ síta. Ìyàwó náà sì fẹ́ẹ̀ má rí aṣọ wọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ó bú mi, mo bú u padà, lónìí ọ̀rẹ́ ni wá.

Àárò ọjọ́ wọ̀nyẹn ń sọ mí, mi ò ní tan yín. Kò sẹ́ni tó béèrè orúkọ ẹnìkan. Fofo á kàn ní, "Ìwọ tó wà ní nọ́ḿbà mẹ́ta, àkókò rẹ ti pé." "Ìyá Ìbejì, ẹ wọlé." Ó parí.

Nígbà tí fóònù olójú ńlá dọ́wọ́ tèwe tàgbà, síbà kú. Fofo ta àwọn kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún alágbẹ̀dẹ tó ń yọ bàbà inú wọn, ó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù òfìfo fún ìgbà díẹ̀, ojú rẹ̀ ò dáa. Lẹ́yìn náà ló ronú kàn án. Ó ń ra íńtánẹ́ẹ̀tì tó pọ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ńlá kan, ó ri òpó irin gíga kan mọ́ òrùlé rẹ̀, ó sì ń pín in fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá rà á, ó máa gun òrùlé onítọ̀hún lọ kan àwo funfun kékeré kan mọ́ ọn. Owó tó ń gbà kéré sí ti àwọn ilé iṣẹ́ ńlá gan-an, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń wá tí nǹkan bá bàjẹ́. Ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù bá wà ní pápá Kégué nìkan ni wàhálà, tí gbogbo ayé bá ń wò ó pọ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì á máa rìn bí ìgbín, àwọn ọ̀dọ́ á sì dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tí wọ́n á máa kígbe, "Fofo, bọ́ọ̀lù ti dúró sófuurufú o!"

Ọdún kejì rèé tí òfin tuntun dé. Wọ́n pe gbogbo àwọn tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì sí ìpàdé. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá jókòó síwájú pẹ̀lú lọ́yà wọn, àwọn bíi Fofo wà lẹ́yìn létí ilẹ̀kùn. Wọ́n ní nítorí àwọn gbájúẹ̀ ni. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tó bá ń tà á gbọ́dọ̀ mọ orúkọ gidi ẹni tó ń rà á, bó ṣe wà lórí káàdì ìdánimọ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ kan tí yóò máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilé báyìí wọlé ní wákàtí báyìí, ó jáde ní wákàtí báyìí. Kó tọ́jú rẹ̀ fún ọdún kan gbáko. Kó má fi han ẹnikẹ́ni, àfi adájọ́ tó bá béèrè. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, wọ́n á wó òpó rẹ̀ lulẹ̀.

Inú bí mi ju òun lọ. Mo ní, "Fofo, àwọn tó nílé olókè gíga, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní òpó kan ṣoṣo, ẹrù kan náà ni wọ́n dì fún yín láti gbé?"

Ó ní, "Bàrákátù, òfin ò mọ ẹni kékeré."

Mo ní, "Òfin yẹn ò lójú ni." Ó ní kí n rọra, ẹ̀jẹ̀ ríru.

Bó ṣe ra ẹ̀rọ náà nìyẹn. Àpótí dúdú kan ni, kò tóbi ju àpótí ìjókòó lọ, ṣùgbọ́n ìyà tó fi jẹ wọ́n nílé yẹn, ọba ò fi jẹ aráàlú bẹ́ẹ̀ rí. Kò gbọdọ̀ kú, kò sì gbọdọ̀ gbóná. Yàrá kan ṣoṣo ló ní ẹ̀rọ amúlétutù nílé wọn, yàrá tí Fofo àti ìyàwó rẹ̀ ń sùn. Ibẹ̀ ló gbé àpótí náà sí. Ariwo rẹ̀ ò jẹ́ kí wọ́n sùn, ni wọ́n bá kó ẹní lọ sí pálọ̀. Viviane ni ìyàwó rẹ̀, ọmọ Ànẹ̀hó, ẹlẹ́nu bíi tèmi. Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara. Ó ní, "Bàrákátù, bá mi bi ẹ̀gbọ́n rẹ. Ẹ̀rọ ń sùn nínú òtútù, èmi ń sùn nínú ooru. Ta nìyàwó ilé yẹn gan-an?" Kàkà kó sàn lára ìyá àjẹ́, ó fi gbogbo ọmọ bí obìnrin: gbàrà tí iná bá lọ, Fofo á fò sókè láti orí oúnjẹ lọ tan jẹnẹrétọ̀, torí ẹ̀rọ náà. Jẹnẹrétọ̀ sì wà lábẹ́ fèrèsé pálọ̀.

Ti ẹ̀rọ rọrùn ju ti orúkọ lọ. Fofo ránṣẹ́ sí gbogbo ilé pé kí wọ́n fi orúkọ wọn ránṣẹ́. Wọ́n fi ránṣẹ́. Ó tẹ gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, ó gbà pé òun ti ṣe é tán. Ìgbà tó yá, ọmọkùnrin kan dé láti ọ́fíìsì ìjọba láti wá yẹ̀ ẹ́ wò. Hervé lorúkọ rẹ̀, ọmọ tó mọ èèyàn kí ni, ó ń pe Fofo ní tọ́ńtọ́n, bí ẹní ń pe àbúrò bàbá rẹ̀. Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ìyá Ìbejì. Ìyá Ìbejì kejì. Ìyá Ìbejì ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí. Bàbá Rachelle. Mọ́mì Joy. Alájì Pupa. Alájì Dúdú. Àǹtí Oníbúrẹ́dì.

Ó gbójú sókè. "Tọ́ńtọ́n, ta ni Ìyá Ìbejì?"

Fofo ní, "Obìnrin tó bí ìbejì ni."

"Èkejì ńkọ́?"

"Òun náà bí ìbejì."

Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rín pa mí dé ilẹ̀. Hervé náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ rí látòkè délẹ̀, ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní òun fún Fofo di ìparí oṣù. Ilé tí kò bá ní orúkọ tó bá káàdì mu, kó gé íńtánẹ́ẹ̀tì wọn. Bí òun bá tún padà wá bá Ìyá Ìbejì kankan níbẹ̀, òpó á wó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ Yorùbá, ẹ mọ̀ pé Fofo ò ṣe é láti fi ìjọba ṣẹ̀sín. Ta ló fẹ́ wo ojú àgbàlagbà kó ní kí lorúkọ yín? Ṣé ọlọ́pàá ni? Ìyàwó ilé ń pe àwọn àna rẹ̀ ní orúkọ àdápè láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ. Ẹni tó ti bímọ, orúkọ ọmọ rẹ̀ la fi ń pè é. Orúkọ àgbà ń bẹ, ṣùgbọ́n abẹ́ aṣọ ló ń gbé. Fofo ti ń bá àwọn ènìyàn wọ̀nyí gbé láti ìgbà síbà, ó mọ ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn àti ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń mutí, kò mọ orúkọ wọn.

Ó ní kí n bá òun lọ kiri, torí àwọn obìnrin. A dé ilé Bàbá Rachelle. Fofo dọ̀bálẹ̀, ó ṣàlàyé, ó bẹ̀bẹ̀. Bàbá wo ilẹ̀ títí. Ó wá ní, "Dúrójayé." Ìyàwó rẹ̀ yọ sí wa láti ilé ìdáná pẹ̀lú ọmọ orógùn lọ́wọ́. Ó mọ orúkọ náà, kò kàn tíì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí ni. Ó ní, "Ẹ tún un pè, Bàbá Rachelle." Bàbá tún un pè. Ó ní àwọn mẹ́ta ni wọ́n kú kí wọ́n tó bí òun. Obìnrin náà kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó ní, "Dúrójayé, ẹ dúró, ẹ ṣeun." Mo wojú Fofo, omi ti wà níbẹ̀. Eruku, àbí?

Gbogbo ilé tí a dé, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi wá: "Ẹ̀rọ yẹn, ṣé ó ń gbọ́ ohun tí à ń sọ?" Fofo á búra. Á ní wákàtí nìkan ló ń kọ, ìgbà tí ẹ wọlé àti ìgbà tí ẹ jáde, kì í gba ohùn. Wọ́n á ní a ti gbọ́. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Èmi gan-an ò gbà á gbọ́, láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ tí mo bá ń fi àna mi sùn lórí fóònù. Síbẹ̀, wọ́n fún wa lórúkọ. Kí ni wọ́n máa ṣe? Ó ku ilé kan.

Ìyá Tóyọ̀sí ń gbé yàrá kan lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Tóyọ̀sí ni àbígbẹ̀yìn rẹ̀, Kùwéètì ló wà, ó ń ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ nílé àwọn kan. Ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni wọ́n ń fún un ní fóònù rẹ̀. Tí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ tán, Màmá á wọ ìborùn tó mọ́, á gbé fóònù lé orí àpótí, á gbé àga síwájú rẹ̀, á máa retí. Aago mẹ́ta ni. Ìwọ tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ lákòókò yẹn, orí rẹ ò pé. Nǹkan kan ṣoṣo tó kù fún obìnrin yẹn láyé nìyẹn.

Ó gbọ́ àlàyé Fofo dópin. Ó ní, "Tàófíìkì, jókòó. Kùmásí ni mo wà lọ́dún tí wọ́n lé àwa àlejò kúrò ní Gánà. Ìyàwó tuntun ni mí. Ọlọ́pàá kan dé ẹnu ọ̀nà wa, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní kí lorúkọ mi. Mo sọ ọ́ fún un tayọ̀tayọ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Kò pẹ́ rárá, a ti wà lórí lọ́rì. Ìkòkò ọbẹ̀ wà lórí iná, a fi í síbẹ̀. Lomé ni lọ́rì já wa sí. Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá mú bírò dání tó ní kí lorúkọ mi, mi ò lórúkọ."

Fofo ní, "Màmá, kò sẹ́ni tó fẹ́ lé yín."

Ó ní, "Èmi kọ́. Tóyọ̀sí. Ó ń sọ ohun tí ìyá ilé yẹn ń fojú rẹ̀ rí fún mi. Bí ẹ̀rọ bá gbọ́ ọ, tí wọ́n bá lé òun náà ńkọ́? Káàdì mi wà nínú àpótí, ibẹ̀ ni yóò wà. Bó o bá fẹ́ gé e, gé e." Ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

A ò tíì dé títì tí mo fi kọjú ìjà sí Fofo. Mo ní, "Ẹ kọ irọ́ síbẹ̀! Ẹ kọ orúkọ tèmi!"

Ó ní, "Hervé máa fi í wé káàdì. Bí wọ́n bá wó òpó, Màmá ò ní rí Tóyọ̀sí, gbogbo àdúgbò náà ò sì ní rí ẹnì kankan."

Mo ní kó ra dátà fún un sórí fóònù. Ó ní ilé iṣẹ́ wo ló máa tà á fún un tí kò ní kọ́kọ́ gba orúkọ?

Jímọ̀ tó kẹ́yìn oṣù náà, Fofo bọ́ láti mọ́ṣáláṣí, ó yà mú mi, a jọ lọ bá Màmá. Ó wọ ìborùn rẹ̀, ó ti jókòó síwájú àpótí. Kò lé wa, kò sì kí wa. Fóònù dún, ojú Tóyọ̀sí yọ, ó rù ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Lẹ́yìn ìkíni, Fofo ní kí Màmá dákun jẹ́ kóun bá a sọ̀rọ̀. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un, pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lòun máa gé e.

Tóyọ̀sí sún mọ́ kámẹ́rà. Ó wá ní, "Màmá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ọjọ́ tí mo dé ibí ni wọ́n ti gba ìwé ìrìnnà mi. Méèrì ni wọ́n ń pè mí. Méèrì ni wọ́n pe ẹni tó wà níbí kí n tó dé, Méèrì ni wọ́n á pe ẹni tó máa wá lẹ́yìn mi. Ọjọ́ Jímọ̀ nìkan lẹnìkan ń pè mí ní Tóyọ̀sí. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kí wọ́n gé e, ta ló máa pè mí?"

Màmá dìde, ó fọwọ́ wá ilẹ̀ dé ìdí àpótí ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì, ó tú aṣọ mẹ́ta jáde, ó mú káàdì náà wá. Kò gbé e fún Fofo. Ó dì í mú sáyà, ó sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀. Ó ní, "Abíọ́dún. Ọjọ́ ọdún ni wọ́n bí mi." Fofo dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú aṣọ funfun Jímọ̀ rẹ̀ lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì yẹn. Èmi, ẹkún ni mo sun, mi ò pè é ní eruku.

Hervé padà wá, ó kà á látòkè délẹ̀, gbogbo rẹ̀ bá káàdì mu. Ó bọ Fofo lọ́wọ́. Òpó dúró. Màmá ń rí Tóyọ̀sí rẹ̀, ó sì ti di àwàdà láàrin wọn, tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ búburú nípa ìyá ilé Kùwéètì, á kọ́kọ́ sún mọ́ fóònù, á ní, "Ẹ̀rọ Tàófíìkì, di etí rẹ."

Màmá kú nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Kò ṣàìsàn tó gùn, ó kàn sùn, kò jí mọ́ ni. Wọ́n ò jẹ́ kí Tóyọ̀sí wá. Wọ́n ní iṣẹ́ tó gbà kò tíì parí, ìwé ìrìnnà rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ wọn. Fóònù ló fi wo ìsìnkú ìyá rẹ̀, Fofo ló dì í mú lókè títí apá fi ro ó, a ò sì gbọ́ ohun tó ń sọ, torí afẹ́fẹ́ ń fẹ́.

Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, ní ọjọ́ Jímọ̀, fóònù Fofo dún. Mo wà nílé wọn, mo wá wọn ara Viviane. Tóyọ̀sí ni. Ó kí wa dáadáa. Ó wá ní, "Fofo, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n ní ẹ̀rọ yín ń tọ́jú gbogbo nǹkan fún ọdún kan. Mi ò ní ohùn Màmá lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan."

Fofo ní, "Tóyọ̀sí, kò sí ohùn níbẹ̀."

"Mo mọ̀ pé òfin ò fẹ́. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, Fofo. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

"Mo fi Kùránì búra fún ọ. Kò gba ohùn rí. Ì bá ṣe pé ó gbà á."

Mo ti ń bú ẹ̀rọ yẹn láti ọjọ́ tó ti dé, pé ó ń gbọ́ wa. Lọ́jọ́ náà, mo bú u torí pé kò gbọ́. Tóyọ̀sí sunkún títí, a ò gé e. Ó wá bi í pé, "Kí ló wá wà nínú rẹ̀?"

Fofo ní, "Wákàtí nìkan."

"Ẹ kà á fún mi."

Fofo wò mí. Ọkùnrin tí kò fi ohunkóhun inú ẹ̀rọ yẹn han ẹ̀dá rí nìyẹn, kò fi han Viviane pàápàá. Títí dòní, kò tíì sí adájọ́ tó béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Tóyọ̀sí nìkan ló béèrè. Viviane fi ìgbọ̀nwọ́ tì í ní ìhà. Ó dìde, ó wọ yàrá òtútù yẹn, ó tan kọ̀ǹpútà, a tẹ̀ lé e. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

"Ọjọ́ Jímọ̀, lóṣù kẹsàn-án. Abíọ́dún. Wọlé aago mẹ́ta, jáde aago mẹ́ta ààbọ̀."

Tóyọ̀sí ní, "Ọjọ́ yẹn ló ń bú ẹni tó ta iṣu jíjẹrà fún un. Ó ní òun máa dá a padà."

"Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e. Wọlé aago mẹ́ta, jáde lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin."

"Ìyá ilé ló wọlé lójijì. Mo pa á mọ́ ọn lẹ́nu. Kò bínú."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lọ, Fofo ń ka wákàtí, Tóyọ̀sí ń sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ojú Tóyọ̀sí ti ń mọ́lẹ̀ díẹ̀ lójú fóònù, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan. Fofo wá dé ìlà tó kẹ́yìn, ó dúró. Ó ní, "Èyí pẹ́ o. Wọlé aago mẹ́ta, jáde aago márùn-ún kọjá. Kí lẹ sọ tó bẹ́ẹ̀?"

Tóyọ̀sí ní, "A ò sọ nǹkan kan. Wọn ò sí nílé níbí lọ́jọ́ yẹn. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ ni oorun gbé e lọ lórí àga. Mi ò fẹ́ jí i, mi ò sì fẹ́ gé e. Mo kàn jókòó, mo ń wò ó bó ṣe ń mí."